Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tún Myrtle

Iṣẹ́ onígàárì kò le. Ohun tó le ni kí èèyàn máa ṣe é láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbà pé orí ẹṣin ni ìyá wọn bí wọn sí. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣẹ́ kúbùsù abẹ́ gàárì báyìí, wọ́n á ní bàbá àwọn kì í ṣẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n fi òróró pa awọ, ọ̀rá àgùntàn tó ṣẹ́kù nínú abọ́ oúnjẹ wọn ni wọ́n á fi pa á, gbogbo èèrà ìpínlẹ̀ Victoria á sì tò wá síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Bert Cudmore gé etí ọ̀já gàárì ìjọba, ó fi ṣe okùn aago. Mo bi í pé ta ló pàṣẹ fún un.

Ó ní, "Bàbá Onígàárì, ó ti gùn jù ni. Mo kàn bá yín dín in kù ni."

Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ń súfèé lọ.

Percy Gullick lorúkọ mi. Kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀, mo ní ìsọ̀ tèmi ní Bendigo, mò ń rán gàárì fún àwọn darandaran, mò ń tún ìjánu ṣe fún àwọn tó ń fi ẹṣin kó wàrà káàkiri ìlú, kò sì sí ẹni tó ń bá mi jiyàn. Nígbà tí ogun dé, mo wọṣẹ́ sójà, wọ́n sì fi mí ṣe sájẹ́ǹtì onígàárì fún àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ní àgọ́ Seymour. Ìyàwó mi ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé lìkáfà mi ti lọ sókè. Ó lọ sókè lóòótọ́. Àtìgbà náà ni orí ti ń fọ́ mi.

Lìkáfà gan-an ló sì dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, pẹ̀lú awọ tí a fi ń so ó kọ́ ara gàárì. Lọ́dọ̀ tiwa, apá òsì la ti ń gun ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ṣe ń gùn ún, iṣẹ́ ológun sì sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà awọ ti òsì ló ń gba gbogbo ìwúwo èèyàn nígbà tó bá ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà, tí yóò máa gùn, títí ẹsẹ̀ òsì á fi rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ẹni tó jókòó á wọ́, gàárì á wọ́, ẹ̀yìn ẹṣin á sì bó. Ohun tí a ń ṣe sí i kò ṣòro rárá: lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ yọ awọ méjèèjì, ẹ fi ti òsì sí ọ̀tún, ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì. Ó parí. Àwọn tèmi kì í ṣe é. Wọ́n á ní àwọn ti ṣe é, n ó gbé méjèèjì léra, ti òsì á yọ gbọọrọ bí ahọ́n ajá. N ó pariwo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, Sọ́ńdè mìíràn á tún dé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í yọ mí lẹ́nu nínú wọn. Wilf Trevaskis ni, ọmọ orí òkè Gippsland, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi í. Gàárì rẹ̀ máa ń mọ́. Kúbùsù rẹ̀ kì í ní ìwúnjọ. Òun ló mú abo ẹṣin rẹ̀ wá láti ilé, Myrtle, ẹṣin pupa kan tí kò ga púpọ̀ tó ní funfun díẹ̀ níwájú orí. Ìyá Myrtle kú lọ́jọ́ tó bí i, Wilf sì ni ó fi wàrà màlúù tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ìjọba ti ra ẹṣin náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ra ti àwọn tó kù. Wilf gba owó náà, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun ta nǹkan kan.

Ọmọ tí kì í yọ mí lẹ́nu yìí ló wá bá mi nínú àgọ́ iṣẹ́ mi ní òwúrọ̀ kan, ó gbé gàárì mọ́ra.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Myrtle ti légbò."

Mo bá a lọ wò ó. Egbò náà wà lápá òsì, lókè èjìká, níbi tí iwájú gàárì máa ń jókòó lé. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó pupa, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ara ẹṣin náà gbọ̀n. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Méjọ̀ Ormerod, dókítà ẹṣin tí àwọn ọ̀gá máa ń rán wá láti Melbourne, ti fẹ́ wá yẹ gbogbo ẹṣin wò kí a tó wọkọ̀ ojú omi. Ẹṣin tó bá légbò lẹ́yìn kò ní bá wa lọ. Wọ́n á gé irun ọrùn rẹ̀ fi ṣe àmì, wọ́n á tà á. Gbogbo wa la sì mọ ẹni tó ń ra irú àwọn ẹṣin bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọkùnrin kan ni láti ibi tí wọ́n ti ń se ẹran dà sínú agbada ńlá, tí wọ́n ń fi ọ̀rá rẹ̀ ṣe ọṣẹ, tí wọ́n ń fi egungun rẹ̀ ṣe àtè.

Wilf ní, "Mi ò fẹ́ kó lọ síbẹ̀, Sájẹ́ǹtì." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gba gàárì. Mo tú ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, mo fi ọwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀ bóyá ìṣó kan ló yọ orí. Kò sí. Mo wo pákó méjèèjì tó di gàárì mú bóyá ọ̀kan ló ti sán. Kò sán. Mo fá díẹ̀ kúrò lára ìtẹ́lẹ̀ lápá òsì, kí ó má baà kan egbò. Àárín ìgbà tí mo ń ṣe é ni àwọn olóye kóra jọ sẹ́nu àgọ́ mi.

Cudmore ní, "Kẹrosíìnì ni oògùn ẹ̀. Ẹ da kẹrosíìnì sí i."

Ẹlòmíràn ní tíì tó ti ṣá pẹ̀lú iyọ̀ ni wọ́n ń lò nílé tàwọn. Ẹnì kan ní kí n yí kúbùsù padà, kí n fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ẹlòmíràn ní bàbá òun gun ẹṣin láti Bourke dé etíkun láìsí kúbùsù kankan, ẹṣin náà ò sì bó.

Mo ní, "Bàbá yín ńkọ́? Òun ò bó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò kúrò. Mo mú pákó tí mo fi ń lu awọ, mo gbé e sókè, wọ́n kúrò.

Wilf gun ẹṣin náà fún ìgbà díẹ̀, egbò tún pupa. Mo tún tú gàárì. Ẹ gbà mí, mo tú gàárì yẹn títí mo fi mọ ọ́n ju ojú ìyàwó mi lọ, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tó sú mi pátápátá ni mo yọ awọ lìkáfà méjèèjì, mo gbé wọn léra. Ti ọ̀tún ló gùn jù.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó dùn mí lọ́kàn ni: ti ọ̀tún. Láti ìgbà tí mo ti di onígàárì, mi ò rí ibi tí ti ọ̀tún ti gùn ju òsì lọ rí.

Mo pe Wilf. "Ìgbà wo lo pa awọ yìí dà?"

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Sájẹ́ǹtì."

"O ò tún pa á dà lẹ́yìn ìyẹn?"

"Rárá, Sájẹ́ǹtì."

"Kí ló wá dé tí ti ọ̀tún fi gùn?"

Ó wo bàtà rẹ̀. Mo tún béèrè. Ó tún wo bàtà rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Mo ní kó má fi mí ṣeré, mo ní ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi, mo ní bó bá fẹ́ kí wọ́n fi í ṣe ọṣẹ kó máa purọ́ fún mi lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó kí mi bí sójà, ó lọ. Mo wá gé awọ tuntun méjì fún un látara awọ kan náà, mo wọ̀n wọ́n dáadáa, mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo tún wò wọ́n, ti ọ̀tún ti ń fà, ó ti ń gùn. Ṣé ẹ rí i? Mo jókòó sórí àpótí, mo di orí mú.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé gàárì náà fúnra mi, mo lọ síbi tí a so àwọn ẹṣin mọ́, mo fẹ́ wò ó bó ṣe jókòó. Mo gba apá òsì Myrtle lọ bí gbogbo onílàákàyè ṣe ń ṣe. Ó wò mí. Ó gbé ìdí yípo wẹ́rẹ́, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí mi, ó dúró jẹ́ẹ́. Mo yí i ká, mo lọ sí òsì. Ó tún yípo, ó tún fún mi ní ọ̀tún. Mo tún yí i ká. Ẹrẹ̀ wà nílẹ̀, gàárì wà lọ́wọ́ mi, àwa méjèèjì ń pòòyì yí òpó ká.

Mo gbọ́ ohùn Cudmore lẹ́yìn mi. "Ẹ wá wo Bàbá Onígàárì! Ó rí ẹni bá jó!"

Mo fẹ́ sọ gàárì lù ú. Mo ti gbé e sókè tán. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, gàárì lókè orí, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ni. Ẹṣin yìí kì í ṣe olórí kunkun. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Ẹnì kan ló ti kọ́ ọ pé apá ọ̀tún ni èèyàn máa ń gbà, ó sì rò pé mo ṣìnà.

Mo wo Cudmore. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ mọ̀ sí i, àbí?"

"Mọ̀ sí kí ni, Bàbá?"

"Gbogbo yín lẹ mọ̀."

Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú. "A máa ń fi ẹṣin tiwa bo Wilf ni tó bá ń gòkè láti ọ̀tún. Ẹ má bínú."

Kí n má bínú! Àwọn tí wọ́n ní kí n da kẹrosíìnì sí egbò! Àwọn tí wọ́n dúró sẹ́nu àgọ́ mi, tí wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń tú gàárì, tí mo ń rán an, tí mo tún ń tú u, tí gbogbo wọn sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò sí lára gàárì! Mo kúrò níbẹ̀ kí n tó pa èèyàn.

Mo bá Wilf létí odò, ó ń fún àwọn ẹṣin lómi, ó jókòó sórí ẹṣin ẹlòmíràn láìsí gàárì. Mo fi ọwọ́ mú un sọ̀kalẹ̀. Mo gbé gàárì sí ẹṣin náà lẹ́yìn, mo ní, "Gùn ún. Láti òsì."

Ó wò mí, ó mọ̀ pé ó ti tán. Ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ lìkáfà, ó di irun ọrùn ẹṣin mú, ó fẹ́ gòkè. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e. Ó fò díẹ̀, ó rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Igi gọ́ọ̀mù ló wó lù mí lórúnkún. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi là ń gé e. Tí mo bá ti wà lórí ẹṣin, kò sí ohun tó ń ṣe mí, Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin náà rí i bí mo ṣe ń gùn ún. Àtigòkè nìkan ni."

"Dókítà tó yẹ̀ ọ́ wò kó o tó wọṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan tọ yí yàrá ká. Kò sọ èyí tí n ó fi tọ."

Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò lọ́jú pọ̀: kí n lọ sọ fún dókítà, kí wọ́n dá Wilf padà sílé. Ẹṣin náà á jẹ́ ti ìjọba síbẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á. Mo ro ó. Mo rí i bó ṣe dúró níbẹ̀, tó di ìjánu mú, tí kò bẹ̀ mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo ní, "Gbé ojú kúrò lára mi. Wá bá mi lágọ̀ọ́ lọ́sàn-án."

Mo gé awọ pẹlẹbẹ kan, mo rán an bí òrùka, mo so ó mọ́ abẹ́ lìkáfà òsì. Bí ó bá ki ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, kò ní nílò láti gbé e sókè púpọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á ti ilẹ̀, apá á fà á, ẹsẹ̀ òsì á kàn tẹ̀ lé wọn ni. Bó bá ti gòkè tán, á fi ìka bàtà ká awọ náà sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo sì sọ fún un pé kó má gun Myrtle rárá títí egbò á fi jiná, kó máa fà á rìn.

Egbò jiná. Ìyẹn kò ṣòro, nígbà tí mo ti mọ ohun tó ń fà á: bó ṣe ń gòkè láti ọ̀tún ló ń fa gàárì wọ́, tí apá òsì rẹ̀ fi ń họ èjìká ẹṣin. Myrtle fúnra rẹ̀ ló ṣòro. A máa ń mú un lọ sí ẹ̀yìn odò, níbi tí àwọn igi wíló pọ̀ sí. Wilf á dúró lósì, á fa irun ọrùn rẹ̀, Myrtle á yípo. Á tún dúró lósì, Myrtle á tún yípo, á sì bojú wẹ̀yìn wò ó bí ìyá tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Wilf á máa bẹ̀ ẹ́ sétí pé, "Òsì, Myrtle. Jọ̀ọ́, òsì." Èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, n ó fi èjìká tì í. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń ti ìdí ẹṣin nínú igbó! Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí dúró, bí ibẹ̀ bá dákẹ́ tí kò sì sí ẹṣin mìíràn nítòsí. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tó. Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún ara mi?

Ọjọ́ tí Méjọ̀ Ormerod dé, òjò ti rọ̀, pápá ti di ẹrẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni Méjọ̀ náà, kì í yára, kì í sì í kígbe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn àwọn ẹṣin. Kọ́púrà kan ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń gé irun ọrùn èyí tí kò bá yege. Ó dé ọ̀dọ̀ Myrtle, ó fi ọwọ́ tẹ ibi tí egbò wà. Myrtle ò mira.

Méjọ̀ ní, "Ẹ̀yìn yìí dára," ó sì kọjá.

Mo mí kanlẹ̀. Mo wo Cudmore, òun náà ti ń mí kanlẹ̀. Méjọ̀ yẹ gbogbo wọn wò tán, ó lọ dúró síwájú, ó ní kí wọ́n gun ẹṣin.

Gbogbo wọn bọ́ sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Myrtle rí àwọn ẹṣin tó ń mira, ó rí èèyàn tó ń sáré, ó rí Wilf lápá òsì rẹ̀, ó sì ṣe ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé ìdí yípo. Ìdí náà gbá ẹṣin Cudmore, ẹṣin Cudmore tọ sẹ́yìn, Cudmore tó ti gùn ún dé ìdajì ṣubú lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọta ìbọn rẹ̀. Ẹṣin tó tẹ̀ lé e fà sẹ́yìn. Ìlà dàrú láti ibẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun.

Méjọ̀ kò kígbe. Ó ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, kí Wilf nìkan gùn ún. Wilf ki ẹsẹ̀ bọ awọ tí mo rán. Myrtle yípo. Ó yípo pẹ̀lú sùúrù, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sí Wilf gbọnrangandan, ó na etí síwájú, ó dúró, ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Méjọ̀ ní, "Ẹṣin yìí ò gbọ́ràn. Bó bá ṣe báyìí nínú ọkọ̀ ojú omi, á pa èèyàn. Ẹ yọ ọ́."

Kọ́púrà gbé sísọ́ọ̀sì bọ̀. Cudmore dìde látinú ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ kò hàn mọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹṣin tèmi ló kọ́kọ́ tì í, sà." Irọ́ gbáà ni, gbogbo pápá ló sì rí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wilf ti bọ́ sí àárín Myrtle àti sísọ́ọ̀sì. Mo rí i pé ó wo ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí gbogbo wa máa gbà lọ, ó wò ó ṣókí báyìí. Lẹ́yìn náà ó wo Méjọ̀.

Ó ní, "Ó gbọ́ràn, sà. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ tèmi ni ò gbọ́ràn."

"Ẹsẹ̀ wo?"

Wilf ká ṣòkòtò sókè. Gbogbo wa la rí orúnkún náà, bó ṣe wọ́, bó ṣe ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Méjọ̀ wò ó pẹ́. Ó ní kó rìn síwájú, kó rìn padà, kó gùn ún bó ṣe máa ń gùn ún. Wilf fò gùn ún láti ọ̀tún bí ẹyẹ, ó sì mú un sáré yí pápá ká. Nígbà tó padà dé, Myrtle dúró síwájú Méjọ̀ bí òpó.

Méjọ̀ yíjú sí mi. "Sájẹ́ǹtì, ṣé o mọ̀ sí i?"

Wilf ti dáhùn kí n tó lanu. "Wọn ò mọ̀, sà."

Méjọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan gbé awọ tó rọ̀ lábẹ́ lìkáfà òsì. Ó wo bí wọ́n ṣe rán an. Ó wo gàárì tó wà lókè rẹ̀, bí wọ́n ṣe rán ìyẹn náà. Ó wò mí.

Ó ní, "Ẹ yọ ìranù yìí kúrò lára ohun èlò ìjọba."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ yìí á padà sílé. Ẹṣin lè lọ, bí a bá rí ẹni tó máa gùn ún. Ta ló fẹ́ ẹṣin tó ń yípo?"

Ẹ wo àwọn tó mọ gbogbo nǹkan nípa ẹṣin! Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ wọn. Kọ́púrà ṣì di sísọ́ọ̀sì mú.

Mo ní, "Èmi ni, sà." Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe mọ́ Méjọ̀.

Wọ́n fún Wilf ní ìwé ìdásílẹ̀, ó sì padà sí Gippsland kí a tó kó kúrò. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a fẹ́ wọkọ̀ ní Port Melbourne, tí mo ń fa Myrtle lọ sí ìsàlẹ̀ pákó tí àwọn ẹṣin ń gbà wọ inú ọkọ̀, ó dúró gírí. Mo fà á. Kò lọ. Ó gbé orí sókè, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó gbé ìdí yípo, ó dí ẹnu pákó náà pátápátá, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí àwọn èrò tó wá dágbére.

Wilf wà láàárín wọn, ó wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ẹṣin tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí fún ara wọn. Ọ̀gá tó ń darí ìkẹ́rù ń pariwo látòkè pé ta ni òmùgọ̀ tó di ọ̀nà. Cudmore fi èjìká ti ìdí Myrtle, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Mo fà á títí okùn fi bó mi lọ́wọ́. Myrtle ò mira. Ó ti dúró dáadáa, ó ti kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí ẹni tó ni ín, kí ló tún kù tí ẹni náà ò fi wá?

Wilf gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Mo kígbe mọ́ ọn pé, "Kúrò níbẹ̀! Kúrò lójú ẹ̀, Wilf! Ṣé o ò rí i ni?"

Ó rí i. Ó dúró díẹ̀, ó sì yíjú padà, ó rìn lọ sẹ́yìn àwọn koríko gbígbẹ tí wọ́n dì jọ gíga ní etí èbúté, títí a ò fi rí fìlà rẹ̀ mọ́. Myrtle ń wo ibẹ̀. Ọ̀gá ń bú mi, mo jẹ́ kó máa bú mi. Nígbà tó pẹ́, Myrtle rẹ orí sílẹ̀, mo fà á, ó sì bá mi gòkè.

Ní Íjíbítì níbí, níbi tí ọkọ̀ náà kó wa wá, mo ṣì ń pariwo mọ́ wọn lójoojúmọ́ pé òsì, òsì, òsì ni kí ẹ gbà. Lẹ́yìn náà n ó lọ bá ẹṣin tèmi, á yípo, n ó sì gùn ún láti ọ̀tún níṣojú gbogbo wọn. Cudmore kì í dákẹ́. Ó ní ọjọ́ ogbó ti dé bá Bàbá Onígàárì, kò mọ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́. Bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń yọ awọ méjèèjì, mo máa ń gbé wọn léra. Ti ọ̀tún ló máa ń gùn jù. N ó pa wọ́n dà.